Ìtàn Eré Gọ́ọ̀fù Àjọṣe: Òfin Tí A Lè Mú Rọrùn Àti Ìwà Tí A Kò Gbọdọ̀ Jù Nù

Àkòrí tí a mú lọ́dún yìí lè ya àwọn àgbà wa lẹ́nu. Wọn yóò béèrè pé kí ni ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlú ní í ṣe pẹ̀lú eré tí àwọn òyìnbó ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré sínú ihò. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Èkó ti mọ eré náà, wọ́n sì ti dá a lábàá pé kí a máa kó ara wa jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ẹni mẹ́rin-mẹ́rin, láti gbá gọ́ọ̀fù fún ìdùnnú àti láti fi tu owó jọ fún iṣẹ́ ìlú. Àbá náà kò tíì fìdí múlẹ̀ tí àríyànjiyàn fi dé. Àwọn kan ní eré tí ènìyàn ti lè sọ fún ẹnì kejì pé "gbé bọ́ọ̀lù rẹ, a ti fún ọ" kì í ṣe eré, wọ́n ní màgòmágó ni. Àwọn mìíràn ní bí a bá ní kí gbogbo òfin inú ìwé dúró bí ó ti wà, àwọn tí kò di ọ̀pá náà mú rí yóò ti sá lọ sílé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹnu kò kò. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ kò sì ní ohun mìíràn tí a lè fi dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ìtàn.

Kò sí pápá gọ́ọ̀fù ní Ìgàndò. Ilẹ̀ tí pápá oníhò 18 ń gbà máa ń ju 100 éékà lọ, àwa tí a sì ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé. Nígbà tí a wà lábẹ́ Ìkẹjà Division, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 oṣù Karùn-ún 1967, oko àti igbó ni ó pọ̀ jù ní àyíká wa. Ní ìkànìyàn 2006, iye tí ìjọba àpapọ̀ kọ sílẹ̀ fún Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí àwọn baba wa, àwọn Àwórì, ti ń dáko, ilé ni ó kún ibẹ̀. Nítorí náà Ìkẹjà ni pápá tí ó sún mọ́ wa wà, bí a kò bá fẹ́ kọjá lọ sí Ìkòyí, tàbí kí a rin ìrìn àjò lọ sí Lakowe lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, sí Oníréke ní Ìbàdàn, sí Àdà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tàbí sí Ìlárá-Mọ̀kín ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àlejò ni a ó jẹ́ níbikíbi tí a bá lọ. Ẹni tí yóò ṣe àlejò ní ilé onílé yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìwà ilé náà.

Ilẹ̀ Scotland ni gọ́ọ̀fù tí a mọ̀ lónìí ti dàgbà. Eré náà ti wọ àwọn ènìyàn ibẹ̀ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní 1457, ní ayé Ọba James Kejì, ilé ìgbìmọ̀ fi òfin de òun àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, nítorí pé àwọn ọkùnrin ń fi wọ́n sílẹ̀ láìkọ́ ọfà títa, bẹ́ẹ̀ ni ogun kò sì jìnnà sí wọn. Òfin yẹn kò pa eré náà. Ó lé ní 280 ọdún lẹ́yìn náà kí òfin eré tí ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tí ó ṣẹ́ kù dé ọwọ́ wa tó di kíkọ sílẹ̀. Ní 1744 ni ìjọba ìlú Edinburgh fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù kan tí a fi fàdákà ṣe sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá borí ní pápá Leith, wọ́n sì ṣí ìdíje náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè wá láti Britain àti Ireland. Nígbà náà ni àwọn ọ̀tọ̀kùlú tí ń gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ jókòó tí wọ́n kọ òfin 13. Oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ John Rattray ni ó gba ọ̀pá fàdákà náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sí àríyànjiyàn wa wà. Ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́ tí ń gbá eré ní ìrọ̀lẹ́ kò nílò ìwé. Ohun tí wọ́n bá ti fẹnu kò sí ni òfin wọn. Ọjọ́ tí àjèjì dé, tí fàdákà sì wà lórí tábìlì, ni ìwé di dandan, nítorí pé ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá kò mọ ohun tí àwọn onílé ti bá ara wọn sọ. Ẹ̀bùn ni ó bí ìwé òfin gọ́ọ̀fù. Ẹni tí ó bá ní kí a gbá eré tí kò ní ẹ̀bùn pẹ̀lú gbogbo òfin inú ìwé ń di ẹrù tí kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba ife pẹ̀lú òfin àárín ọ̀rẹ́ ń gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí eré náà ti wọ Èkó kò dùn tó bẹ́ẹ̀ láti sọ, ṣùgbọ́n ìtàn ni. Ní 1938 ni wọ́n dá European Club sílẹ̀ ní Ìkòyí. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún. Òun àti Lagos Golf Club da pọ̀ nígbà tí ó yá, wọ́n sì di Ikoyi Club, tí ó ṣì ń so ọdún 1938 mọ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní ayé ìgbà náà, aláwọ̀ dúdú tí a bá rí lórí pápá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àpò ọ̀pá ni ó ń gbé. Bí ìyàsọ́tọ̀ yìí ti le tó hàn ní 1947, nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ti wá. Dúdú tí ó dú nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ariwo tí àwọn ará Èkó pa nítorí ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin ní àwọn ibi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe Èkó nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun kọ ọ́ sínú òfin wọn ní 1934 pé àwọ̀ funfun nìkan ni yóò wọlé, 1961 ni wọ́n tó pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ dúdú kan, Dókítà George Grant, oníṣègùn eyín tí ó ti kọ́ni ní Harvard, ni ó ti gba ìwé àṣẹ ìjọba ní 1899 fún igi kékeré tí a máa ń gún mọ́lẹ̀ láti gbé bọ́ọ̀lù lé. Inú wa dùn láti sọ pé Lee Elder, ọmọ dúdú ará Amẹ́ríkà, gba ife Nigerian Open ní orílẹ̀-èdè wa ní 1971, ọdún mẹ́rin gbáko kí ó tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gbá eré nínú ìdíje Masters ní Augusta ní 1975. Ilé wa ni ó ti kọ́kọ́ jẹ oyè kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún un nílé tirẹ̀. Ní ti àwọn obìnrin, ẹgbẹ́ Royal and Ancient ti St Andrews, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1754, kò dìbò láti gba obìnrin wọlé títí di 2014. Ẹ ka iye ọdún tí ó wà láàárín méjèèjì.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni pé ohun méjì ni àwọn ènìyàn ti ń pè ní ìwà ọmọlúàbí inú gọ́ọ̀fù láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀kan ni ìwà tí ń dáàbò bo ẹnì kejì rẹ. Èkejì ni ìwà tí a fi ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà: irú aṣọ báyìí, irú bàtà báyìí, irú ọ̀rọ̀ báyìí, ojú tí a fi ń wo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ wa kan tí ó wà ní ọ́fíìsì ti sọ fún wa pé orí pápá ni àwọn ọ̀gá wọn ti máa ń parí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àwọn tí kò lè gbá a sì máa ń gbọ́ ìpinnu náà ní ọjọ́ Ajé. Bí a bá wá gbé eré yìí wálé tí a sì gbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ọn, tí ọmọ alágbàṣe kò lè bá ọmọ lọ́yà rìn lórí koríko kan náà, ó sàn kí a fi owó ọkọ̀ ra tábìlì fún ilé ìwé.

Àwọn baba wa mọ bí ọ̀gá àti aláìmọ̀ ti ń ṣeré pọ̀. Kí ẹni tí ó bá ṣiyèméjì lọ sí ìdí ọpọ́n ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, A. O. Ọdẹ́lẹ́yẹ tilẹ̀ kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1977. Ọ̀ta ni a ń pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀ta a máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran a sì máa bá a dá sí i, tí ọ̀pẹ náà yóò máa rẹ́rìn-ín bí ó ti ń pàdánù. Ní ibi eré lásán, ẹnikẹ́ni tí ó dúró tì wọ́n lè sọ pé "má ta ìyẹn". Ní ibi ìdíje, a ó ní kí ó pa ẹnu mọ́. Àgbà tí ń kọ́ ọmọdé a máa jẹ́ kí ó dá ọmọ tí ó ti kó padà sínú ihò, kí ó sì tún un ta. Ṣùgbọ́n àgbà méjì tí ń dán agbára wò kò ní gbà bẹ́ẹ̀ fún ara wọn. Kò sí ẹni tí ó kọ èyí sínú ìwé fún wọn. Òfin kan tún wà nínú ayò tí a kò rí irú rẹ̀ nínú gọ́ọ̀fù. Bí ilé ẹnì kejì rẹ bá ṣófo, tí o sì ní ọmọ tí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí o ta á sí i, kí ó lè rí nǹkan ta. Ayò kò gbà kí a fi ebi lé ènìyàn kúrò nídìí eré.

Ní báyìí a dé orí "a ti fún ọ" tí ó dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn tí ó ní màgòmágó ni kò jẹ̀bi tán, wọn kò sì jàre tán. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni a ń gbà ka gọ́ọ̀fù. Nínú ọ̀kan, ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìjà tirẹ̀: ẹni tí ó bá gba ihò tí ó pọ̀ jù ni ó borí. Ìwé òfin fúnra rẹ̀ gbà nínú irú eré yìí pé kí o sọ fún alátakò rẹ pé èyí tí ó kù fún un ti wọlé, kí ó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀. Nínú èkejì, gbogbo ìgbá láti ihò kinní dé ìkẹyìn ni a ń kà pọ̀, tí a sì ń fi wé ti gbogbo ènìyàn tí ó wà lórí pápá. Níbẹ̀, dandan ni kí bọ́ọ̀lù wọ inú ihò. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nínú ti àkọ́kọ́, ìwọ nìkan ni o pàdánù ohun tí o fi tọrẹ. Nínú ti èkejì, ohun gbogbo ènìyàn ni o ń fi tọrẹ.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú ìtọrẹ yìí ṣẹlẹ̀ ní 1969 ní Royal Birkdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú Ryder Cup tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Britain fi ń wá ife. Ó ku ihò kan ṣoṣo, àmì wọn sì dọ́gba. Bọ́ọ̀lù Tony Jacklin ku bí ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta kí ó wọlé. Jack Nicklaus ará Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ó gbá a; ó ní kí ó gbé e. Bí wọ́n ṣe parí sí 16 sí 16 nìyẹn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀. Títí di òní ni gbogbo ayé ń yin Nicklaus. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń yìn ín kì í sábà rántí pé inú Sam Snead, tí ó ṣe olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, kò dùn sí i. Lójú tiwa, méjèèjì ni ó ní ẹjọ́ tí ó gbè é. Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣeré fún ẹgbẹ́, àánú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́, ti àwọn mọ́kànlá mìíràn wà nínú rẹ̀. Nínú ayò, ọ̀ta lè ṣàánú ọ̀pẹ bí ó bá wù ú, nítorí kò sí ẹni tí ó jókòó tì í lórí ìjókòó kan náà. Nínú gọ́ọ̀fù ẹlẹ́gbẹ́, kí ènìyàn bi àwọn tirẹ̀ léèrè kí ó tó la ẹnu.

A rí ohun tí ó jọ ọ́ lójú wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ibi eré kan tí a kò ní dárúkọ pápá rẹ̀ tàbí àwọn tí ó pè é. Ọ̀rẹ́ méjì tí ó ti jọ wà láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń fún ara wọn ní gbogbo bọ́ọ̀lù tí ó bá ti sún mọ́ ihò, bí àkọ́kọ́ bá sì lọ sínú igbó wọ́n ń tún un gbá láìkà á. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ń gbá gbogbo rẹ̀ wọlé. Nígbà tí a ka iye, ìgbá kan ṣoṣo ni àwọn àkọ́kọ́ fi borí, wọ́n sì gbé ife lọ. Kò sí ẹni tí ó jalè nínú wọn. Olúkúlùkù gbá eré bí ó ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ó lé ní ọdún kan kí àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà tó tún jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọ̀kan sọ ọmọ lórúkọ nínú ọdún yẹn, èkejì kò sì yọjú. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni ì bá ti parí rẹ̀.

Nítorí náà èrò tiwa ni pé kí a má ṣe ka ìgbá olúkúlùkù ní ọdún àkọ́kọ́. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní scramble: ẹni mẹ́rin gbá bọ́ọ̀lù, a wo èyí tí ó dára jù, gbogbo wọn lọ gbá láti ibẹ̀, títí yóò fi wọlé. Nínú rẹ̀, aláìmọ̀ kò lè ba ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè ṣe kòńgẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó di akọni ọjọ́ náà. Gbogbo ẹgbẹ́ ni ó sì lè gba ara wọn nímọ̀ràn, gẹ́gẹ́ bí ti ìdí ayò. Bí a bá wá fẹ́ fi ife lélẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta, kí a lo ọ̀nà tí Frank Stableford gbé jáde ní 1932 ní Wallasey, níbi tí a ti ń fún ènìyàn ní àmì fún ihò kọ̀ọ̀kan; ihò tí ó bá bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, gbé bọ́ọ̀lù rẹ kí o lọ sí èyí tí ó kàn. Ní ti àgbátúngbá tí wọ́n ń pè ní mulligan, àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù tu owó jọ fún àánú máa ń tà á, ẹni tí ó bá fẹ́ yóò san owó rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. A kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí owó bá ti ń lọ sí àpò ìlú.

Àwọn tí ó ni ìwé òfin pàápàá ti ń mú un rọrùn. Ní 2019 wọ́n dín òfin 34 kù sí 24, wọ́n dín ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi ń wá bọ́ọ̀lù tí ó sọnù kù sí mẹ́ta, wọ́n sì ní níbi tí a bá ti ń ka ìgbá, kí ẹni tí ó bá ti ṣe tán máa gbá, kàkà kí a máa dúró de ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ jìnnà sí ihò jù. Abala ìwà tí ó ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fà wọ inú òfin kinní, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa fò ó.

Ìwà náà kò pọ̀, a kò sì ní fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Má ṣe gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí àwọn tí ó wà níwájú kò tíì jìnnà tó, bí ó bá sì ṣìnà lọ sí ọ̀dọ̀ ènìyàn, kígbe "Fore!" kíákíá, nítorí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù le bí òkúta. Dákẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá fẹ́ gbá. Dí ojú koríko tí o bá wú, sì tún iyanrìn tí o bá tẹ̀ ṣe. Ní àwọn pápá tí ó ṣì ń fi iyanrìn tí a fi epo pò yí ihò ká dípò koríko, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà láyé ìjọ́sí, fa ojú rẹ̀ kí ó tẹ́jú fún ẹni tí ń bọ̀. Jẹ́ kí àwọn tí ó yára kọjá. Kò sí ìfẹnukò tí ó lè yọ̀ǹda ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, bí ó ti wù kí eré náà jẹ́ eré tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kádì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà, ìdí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kádì tí yóò gbé àpò yín lè dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ, kí ẹ kí i bí ẹ ó ti kí àgbà. Kí akápò mọ iye tí a ó san fún wọn kí a tó kúrò ní Ìgàndò, kí ó sì san án ní ọjọ́ náà, kí a sì ka orí tiwọn mọ́ oúnjẹ. Yàtọ̀ sí àwọn tí ó wà ní ẹgbẹ́ kan náà, òun nìkan ni òfin gbà kí ó gbà yín nímọ̀ràn lórí pápá. Bí ó bá ní ọ̀pá onírin 7 ni kí ẹ mú, ẹ mú ọ̀pá onírin 7.